Kì í ṣe orúkọ ejò ló rì Viper àti Cobra

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn destroyer àkọ́kọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kàn, ìtàn kan kì í gbẹ́yìn. Wọ́n á ní ọkọ̀ méjì tí wọ́n fún ní orúkọ ejò, Viper àti Cobra, ṣègbé láàárín oṣù méjì lọ́dún 1901, pé orúkọ yẹn ló fa àgbákò, àti pé láti ìgbà náà ni ọmọ-ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kò ti sọ destroyer kankan lórúkọ ejò mọ́. Àwọn tí kò gba ti orúkọ gbọ́ á di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ tuntun tó ń wa ọkọ̀ méjèèjì. Ó rọrùn fún àwa Yorùbá láti gba ti àkọ́kọ́, torí a mọ̀ pé orúkọ ń roni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan wà lákọsílẹ̀.

Destroyer nígbà náà jẹ́ ọkọ̀ ogun kékeré, tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kàn ní 1892 láti máa lé àwọn ọkọ̀ tọ̀pídò, ìyẹn ọkọ̀ kékeré tó ń yin àdó olóró tó ń sáré nínú omi. Eré ni wọ́n fi ń yangàn, irin tí wọ́n sì fi kàn wọ́n fúyẹ́ gan-an kí eré náà lè pọ̀.

Viper ni ọkọ̀ ogun àkọ́kọ́ láyé tó lo tọ́báìnì, ẹ̀rọ tuntun tí Charles Parsons ṣe, tí ooru omi gbígbóná ń yí abẹ́ rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yí fáànù. Nígbà tí wọ́n dán an wò, ó sá ju nọ́ọ̀tì 36 lọ, ìyẹn bíi kìlómítà 67 ní wákàtí kan. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ, 1901, nígbà ìdánrawò ogun, kùrukùru bo ojú omi nítòsí erékùṣù Alderney, Viper sì lọ gun àpáta Renonquet. Kò sí ẹni tó kú. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ṣe ohun kan tí kò yẹ. Àpáta ni wọn kò rí.

Ti Cobra ló bani nínú jẹ́. Ilé-iṣẹ́ Armstrong Whitworth fi owó ara wọn kàn án láìsí ẹni tó ní kí wọ́n kàn án, ìjọba wá rà á ní 1900. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án, 1901, ó gbéra láti odò Tyne lọ sí Portsmouth pẹ̀lú ènìyàn 79. Kì í ṣe ọmọ-ogun nìkan ló wà nínú rẹ̀: àwọn òṣìṣẹ́ Parsons tó mọ tinú-tòde ẹ̀rọ náà wà níbẹ̀, Robert Barnard tó jẹ́ ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn náà sì wà níbẹ̀. Òkun ru ní gbogbo òru. Nígbà tó di nǹkan bí aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítòsí Outer Dowsing, òkìtì iyanrìn kan lábẹ́ Òkun Àríwá, ọkọ̀ náà kán sí méjì láàárín. Ènìyàn 12 ló rọ́nà bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré kan. Àwọn 67 yòókù bómi lọ, Barnard pẹ̀lú wọn.

Àwọn tó kàn án ní ó ní láti jẹ́ pé ó kọ lu nǹkan. Ilé-ẹjọ́ ológun tó gbọ́ ẹjọ́ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò fara kan ilẹ̀, kò kọ lu àfọ́kù ọkọ̀ kankan, ara ọkọ̀ náà ni kò lágbára. Pé kò tó àwọn destroyer yòókù, pé ó sì ṣeni láàánú pé wọ́n rà á. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe le tó láti ẹnu àwọn ọ̀gá ológun sí àwọn tó fọwọ́ sí rírà rẹ̀! Ìdí rèé tí ìtàn ejò yìí fi ń dùn mí. Ó ń bo àṣìṣe tí ènìyàn ṣe mọ́lẹ̀, ikú ènìyàn 67 á wá dà bí àyànmọ́.

Ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan láti wádìí àwọn destroyer tó kù. Wọ́n gbé ọ̀kan nínú wọn, Wolf, sí ibi tí wọ́n ti ń fa omi kúrò lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n kọ́kọ́ gbé e ka òpó láàárín kí orí àti ìdí rẹ̀ lè máa fà sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e ka òpó ní ìpẹ̀kun méjèèjì kí àárín rẹ̀ lè máa tẹ̀, bí ìgbì ṣe ń ṣe ọkọ̀ lójú òkun gan-an. Wolf kò kán. Agbára tó ń fa irin rẹ̀ kò tilẹ̀ tó iye tí wọ́n ti ṣírò.

Ní ti orúkọ, òótọ́ ni pé destroyer tọ́báìnì tó tẹ̀ lé wọn, tó kọ́kọ́ ń jẹ́ Python, di Velox nígbà tí ìjọba rà á. Ṣùgbọ́n ní 1910, wọ́n sọ destroyer tuntun kan ní Rattlesnake, ejò tó ń mi ìrù. Ó ja Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ ní Dardanelles, ọ̀nà omi tóóró kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, ó sì padà délé. Ọdún 1921 ni wọ́n tà á.

Tọ́báìnì ńkọ́? Ní 1906, Dreadnought, ọkọ̀ ogun ńlá tó sọ gbogbo irú rẹ̀ tó ti wà tẹ́lẹ̀ di ògbólógbòó, bọ́ sójú omi pẹ̀lú ẹ̀rọ Parsons. Nígbà tó fi di 1907, tọ́báìnì náà ló ń wa Lusitania àti Mauretania, àwọn ọkọ̀ èrò tó ń ná ojú òkun Àtìláńtíìkì.