Ibi tí Ohùn Ti Ń Já Nínú Orin Japan

Orin "Hakujitsu" tí ẹgbẹ́ King Gnu gbé jáde ní 2019 kì í fún ọ̀fun láyè láti múra. Dùùrù ń rọra dún, kò sí ìlù tí èèyàn lè sá pamọ́ sí lẹ́yìn, ohùn ọkùnrin kan sì ti bẹ̀rẹ̀ lókè fíofío, tín-ín-rín bí òwú. Nínú yàrá káràókè, níbi táwọn èèyàn ti ń kọ orin olórin tẹ̀lé ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń kọsẹ̀. Wọ́n á fa èémí kún àyà, iṣan ọrùn á le gbandi, wọ́n á figbe ta. Ohùn á já.

Èrò tó wà nídìí igbe yẹn ni pé agbára ni ohùn òkè ń fẹ́. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ti wo onígángan lẹ́nu iṣẹ́ rí ti mọ̀ pé irọ́ ni. Onílù tó bá fẹ́ kí gángan fọhùn lókè kì í fi ọ̀pá lù ú kíkankíkan. Apá ló fi ń fún ọsán mọ́ra. Ọsán á fa awọ le, ohùn á gòkè. Tó bá ń lù ú kíkan láìfún un, ariwo ló máa pọ̀ sí i, ohùn á ṣì wà níbi tó wà.

Tán-án-ná méjì tó wà nínú gògóńgò ni awọ ìlù tiwa. Wọn ò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ lára àgbàlagbà ọkùnrin, ti obìnrin sì kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èémí tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró ló ń mú wọn gbọ̀n. Nígbà tí akọrin bá wà ní ohùn tí àwọn olólùfẹ́ orin ní Japan ń pè ní hiA (hi ni ọ̀wọ́ ohùn òkè, mid2 ni ọ̀wọ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀), ìgbà 440 ni wọ́n ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní hiC, ó ti di nǹkan bí 523. Iṣan kan wà tó ń fà wọ́n gùn kí wọ́n lè fẹ́lẹ́. Òmíràn wà nínú tán-án-ná fúnra rẹ̀ tó ń mú un kúrú, tó ń mú un nípọn. Iṣan àkọ́kọ́ yẹn ni apá onígángan. Ẹni tó bá ń figbe ta ti fi apá sílẹ̀, ọ̀pá ló ń jù.

Orúkọ méjì táwọn ará Japan fún ohùn tún ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Jigoe ni ohùn tí a fi ń sọ̀rọ̀: ji túmọ̀ sí ilẹ̀. Uragoe ni ohùn tín-ín-rín tókè: ura ni ẹ̀yìn nǹkan, tàbí apá aṣọ tí a ń kọjú rẹ̀ sínú. Nínú jigoe, gbogbo ara tán-án-ná ló ń gbọ̀n tinú tòde. Nínú uragoe, etí rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ibi tí ọ̀kan ti ń di èkejì ni wọ́n ń pè ní kanseiten, a sì lè pè é ní ẹnubodè ohùn. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin, àárín mid2E sí mid2G ló wà, ìyẹn lókè C tó wà láàárín dùùrù, nísàlẹ̀ hiA díẹ̀. Ní ẹnubodè yìí, iṣan méjèèjì gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn wẹ́rẹ́. Bí ọ̀kan bá tú ọwọ́ sílẹ̀ kí èkejì tó gbá a mú, ìyẹn gan-an ni jíjá tí a ń gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ohùn tó ga jù nínú orin díwọ̀n bó ṣe le tó. Orin tó bá fò kọjá ẹnubodè lẹ́ẹ̀kan, tó dúró sí òdìkejì, ẹni tó bá mọ uragoe lò á kọ ọ́. Èyí tó ń ṣe lọ-bọ̀ níbẹ̀, tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìlà kan ṣoṣo, òun ló ń pa ọ̀fun.

"Hakujitsu" ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní ẹ̀tàn kan: èèyàn méjì ló ni ín. Iguchi Satoru, tó kọ́ ẹ̀kọ́ orin kíkọ ní yunifásítì iṣẹ́ ọnà ìjọba tó wà ní Tokyo, ló ń kọ apá òkè. Tsuneta Daiki ló ń fi ohùn rẹ̀ tó wúwo kọ apá ìsàlẹ̀. Ní yàrá káràókè, ọ̀fun kan ló ń ru ẹrù àwọn méjèèjì. Ogójì ọdún ṣáájú, ní 1979, ẹgbẹ́ Crystal King ti ṣe irú rẹ̀ nínú "Daitokai": Tanaka Masayuki lókè, ẹnì kejì rẹ̀ nísàlẹ̀, orin náà sì fi igbe òkè bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan nínú kí ọ̀rẹ́ méjì pín in kọ. Bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ nìyẹn.

Èdè náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá á tètè mọ bó ṣe rí: kọ́ńsónáǹtì kan, fáwẹ̀lì kan, ka-ra-o-ke, pẹ̀lú "n" tó lè dá dúró bíi ti "ń lọ". Ẹyọ kọ̀ọ̀kan sábà máa ń gba ohùn tirẹ̀ nínú orin. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, "u" tó wà nídìí "desu" fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Nínú orin, ó lè padà wá pátápátá kó sì béèrè àyè. Lókè, "i" àti "u" ló ń fìyà jẹ akọrin jù, torí pé ẹnu há. Kí èèyàn fi ohùn òkè pe "a", kó tún pe "u" níbi kan náà, á rí i bí ọ̀fun ṣe ń fún. Akọrin tó bá mọṣẹ́ á la inú ẹnu sí i díẹ̀, débi pé "i" rẹ̀ á fẹ́ jọ "e", etí olùgbọ́ á sì ṣì gbọ́ "i".

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ dé. Ní 31 oṣù kẹjọ 2007, ilé iṣẹ́ Crypton Future Media ní Sapporo gbé Hatsune Miku jáde, ohùn kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ohùn Fujita Saki ṣe, lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ Vocaloid ti Yamaha. Wọ́n sọ ibi tí ohùn náà ti dára jù, láti mid2A dé hiE. Àwọn tó ń kọ orin fún un ò dúró síbẹ̀, torí kò sí ọ̀fun tó máa bẹ̀ wọ́n. Miku kì í mí. Ẹni tó ń to orin sórí kọ̀ǹpútà lè kó ọ̀rọ̀ jọ ní ìlà mẹ́rin láìfi àyè èémí kankan sílẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun gbàgbé nǹkan kan. Àléébù ni, ó yẹ ká pè é bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ àwọn èèyàn gidi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin wọ̀nyí sórí Niconico, ìkànnì fídíò kan ní Japan, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń jí èémí: ìmí ṣókí, láti ẹnu, láàárín ọ̀rọ̀ méjì. Ibẹ̀ ni akọrin obìnrin tó ń jẹ́ Ado ti bẹ̀rẹ̀ ní 2017. "Usseewa" rẹ̀ jáde ní 23 oṣù kẹwàá 2020, nígbà tó ku ọ̀la kó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ayase tó kọ "Yoru ni Kakeru" fún ẹgbẹ́ YOASOBI ní 2019 náà ti kọ orin Vocaloid ṣáájú. Ọ̀rọ̀ inú orin yẹn ń sáré bí òjò, kíì rẹ̀, ìyẹn ìpele ohùn tí a gbé orin kà, sì tún yí padà nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, lẹ́yìn tó ti rẹ akọrin.

Ohun tó kù ni bọ́tìnnì kíì tó wà lára ẹ̀rọ káràókè. Títẹ̀ kan ń sọ orin kalẹ̀ tàbí gbé e sókè ní ìṣísẹ̀ kan, bí ìgbà tí èèyàn bọ́ láti orí ẹyọ funfun sórí dúdú tó kàn án lórí dùùrù. Àwọn kan ka genkī, kíì tí olórin fúnra rẹ̀ fi kọ ọ́, sí ọ̀rọ̀ iyì, wọn ò sì ní fọwọ́ kan bọ́tìnnì náà láé. Ìpalára lásán ni wọ́n ń ṣe fún ọ̀fun wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lò ó náà máa ń rò pé sísọ ọ́ kalẹ̀ nìkan ni ìwòsàn. Bí wọ́n bá sọ orin kalẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, hiC á di hiA, àmọ́ ìsàlẹ̀ orin náà á rì débi tí a kò ní gbọ́ ọ mọ́. Èyí tó burú jù ni pé ìlà kan tó ti jókòó jẹ́ẹ́ nínú uragoe lè bọ́ sílẹ̀ sórí ẹnubodè gan-an.

Nítorí náà, bí ìbẹ̀rẹ̀ "Hakujitsu" bá ń já lẹ́yìn tí èèyàn ti sọ kíì kalẹ̀, kó wo àwọn ìlà ohùn tí ẹ̀rọ ń yà sójú tẹlifíṣọ̀n, kó ṣàkíyèsí ibi tí ìlà tirẹ̀ ti ń gé. Kó kọ orin mìíràn, kó tún wò ó. Bí ó bá jẹ́ ibì kan náà ló ń gé ní orin méjèèjì, ẹnubodè rẹ̀ nìyẹn. Kó wá padà sí "Hakujitsu", kó gbé kíì sókè ní ẹyọ kan, kó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀.