Ẹ̀jẹ̀ ń kú sí abẹ́ awọ, platelet kò tó: kí ni fítámì lè ṣe sí i?

Arábìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní ITP ló bi mí ní àwọn ìbéèrè yìí. ITP ni àìsàn tí ara èèyàn fúnra rẹ̀ ti ń pa platelet, àwọn ẹ̀yà wínníwínní inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Iye platelet tirẹ̀ jẹ́ 42,000. Dókítà ní kò tíì gba oògùn, wọn á ṣì máa ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló ń rí àmì dúdú tuntun lára, ó sì ti to ìgò mẹ́rin sórí tábìlì: fítámì C, fítámì K, fítámì E àti epo ẹja. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń bá àìsàn yìí gbé, èmi náà ti to irú ìgò bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo bá a sọ nìyí.

Mi ò gbá nǹkan kan. Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi ń kú sí mi lára?

Ẹ gbá nǹkan, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Etí àga, ìlẹ̀kùn ọkọ̀, ọmọ kékeré tó di apá yín mú: ojoojúmọ́ ni àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín abẹ́ awọ ń ya lára gbogbo èèyàn. Platelet ló máa ń sáré lọ dí ojú ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó jò jìnnà. Lára ẹni tí kò ní àìsàn, wọ́n máa ń wà láàárín 150,000 sí 450,000 nínú microlitre ẹ̀jẹ̀ kan, ìyẹn ẹ̀kán kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju orí píìnì lọ. Mùdùnmúdùn inú eegun ló ń ṣe wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Nínú ITP, àwọn ọmọ ogun ara ṣì wọ́n mú fún ọ̀tá, wọ́n sàmì sí wọn, spleen, ẹ̀yà inú ikùn tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, sì ń gbé wọn mì kí ọjọ́ wọn tó pé.

Ẹ wo ojúgun yín lábẹ́ iná. Bí ẹ bá rí àmì pupa wínníwínní, bí ẹni pé wọ́n fi ẹnu abẹ́rẹ́ tò ó, ẹ fi ìdí ife dígí tẹ̀ ẹ́. Pupa tí ooru tàbí ẹ̀fọn mú wá sábà máa ń parẹ́ lábẹ́ dígí. Èyí kì í parẹ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà ti jáde kúrò nínú iṣan.

Kí n tó dé orí ìgò yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí gbogbo ìdáhùn tó kù dúró lé. Nǹkan mẹ́ta ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dúró sí àyè rẹ̀: ògiri iṣan fúnra rẹ̀, platelet tó ń dí ojú ihò, àti àwọn èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti mú ẹ̀jẹ̀ dì. Fítámì kọ̀ọ̀kan ní èyí tó bá ṣiṣẹ́ nínú wọn. Níbi tí àìtó fítámì ò bá ti fa wàhálà, àfikún fítámì kì í sábà tún nǹkan kan ṣe.

Fítámì C ńkọ́? Òun ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ.

Ògiri iṣan ni tirẹ̀. Òun ni ara ń lò láti hun collagen, okùn líle tó di awọ àti iṣan mú. Ní 1747, James Lind, oníṣègùn inú ọkọ̀ ojú omi Salisbury ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú atukọ̀ 12 tí àìtó fítámì C ti sọ di aláìsàn, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ohun tó yàtọ̀. Àwọn méjì tó jẹ ọsàn àti òroǹbó wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ dìde. Erìgì ẹni tó bá ní àìsàn yẹn máa ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì kú sí ìdí irun ara kọ̀ọ̀kan, irun náà á lọ́ mọ́ra bíi wáyà. Ẹ rí i pé àìtó platelet kọ́ ló fà á. Ògiri ló fọ́.

Torí náà, bí ẹ ò bá ti jẹ èso tàbí ewébẹ̀ fún oṣù mélòó kan, fítámì C á ṣe yín láǹfààní gidi. Bí ẹ bá ń jẹ wọ́n dáadáa, ògiri yín kò ní nǹkan tí yóò fi àfikún rẹ̀ ṣe. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn dókítà kan gbìyànjú fítámì C púpọ̀ fún àwọn tó ní ITP, àbájáde àkọ́kọ́ sì mú inú àwọn èèyàn dùn. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà kò rí irú rẹ̀. Èmi náà lò ó fún oṣù mẹ́ta, àwọn àmì ara mi kò mọ̀ pé mo lò ó.

Àgbàlagbà kò nílò ju nǹkan bí 75 sí 90 mg lọ lójúmọ́, wọ́n sì ní kó má kọjá 2,000 mg. Ẹni tó ti ní òkúta kíndìnrín rí kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ iye yẹn rárá.

Wọ́n ní K ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Ṣé kò yẹ kí n lò ó?

Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ nǹkan kẹta ni ìyẹn. Henrik Dam ará Denmark ló rí i lára àwọn òròmọdìyẹ tó fún ní oúnjẹ tí kò lọ́ràá: wọ́n ń ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́ awọ. Ó fún fítámì náà ní lẹ́tà K torí ọ̀rọ̀ «Koagulation», ó sì pín ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí, ti ọdún 1943. Ẹ̀dọ̀ ló ń lo K láti parí iṣẹ́ lórí àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Kì í fi platelet kan ṣoṣo kún èyí tó wà nílẹ̀. Ẹni tí K rẹ̀ kò tó ni àwọn tí ìfun tàbí ẹ̀dọ̀ wọn ń dààmú, àti ọmọ tuntun. Ẹni tó bá sì ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, K máa ń bá oògùn náà jà, kó má dá a lò.

Ṣé kò wá sí fítámì tó lè gbé platelet sókè ni?

Ó wà, kò sì sí lórí tábìlì yín. B12 àti folate ni. Mùdùnmúdùn eegun kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀ láìsí wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dín kù gan-an, platelet lè wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa náà á wálẹ̀, ó sì lè rẹ èèyàn tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ta ṣín-ín ṣín-ín. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dà bí ẹni tó ní ITP, bẹ́ẹ̀ sì rèé, fítámì yẹn gan-an ni ìwòsàn rẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà, àwọn tí wọ́n ti gé lára àpòlúkù wọn kúrò, àti àwọn tó ti pẹ́ lórí metformin, oògùn àtọ̀gbẹ.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá wọ́n ti wo B12 àti folate yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá folate nìkan lò kí àyẹ̀wò tó wáyé. Ó lè tún ojú ẹ̀jẹ̀ ṣe tí àìtó B12 á sì máa ba iṣan ọpọlọ jẹ́ lábẹ́lẹ̀, ìbàjẹ́ yẹn sì lè má ṣeé tún ṣe.

E àti epo ẹja ńkọ́?

Ẹ kó méjèèjì kúrò nílẹ̀ títí ẹ ó fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Platelet díẹ̀ tó kù fún yín, ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Fítámì E tó pọ̀ ń mú kó nira fún wọn láti so mọ́ra, ó sì tún ń dí K lọ́wọ́. Epo ẹja púpọ̀ náà lè dín agbára wọn kù, bẹ́ẹ̀ ni hóró oògùn ginkgo (ewé igi kan), ti aáyù àti ti ata ilẹ̀ pupa. Èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ kọ́ ni mò ń sọ, èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú hóró ni.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni aspirin. Platelet tó bá kan kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́ títí yóò fi kú. Ẹ yẹra fún ibuprofen náà. Bí orí bá ń fọ́ yín, paracetamol ni wọ́n sábà máa ń fún irú wa, ní ìwọ̀n tó wà lára páálí.

Bí wọ́n bá wá fi mí sórí oògùn, ṣé fítámì lè bá a jà?

Ó lè bá a jà, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Eltrombopag, ọ̀kan lára oògùn ITP, máa ń ti mùdùnmúdùn eegun láti ṣe platelet sí i. Calcium, irin, zinc àti magnesium máa ń dì mọ́ ọn nínú ikùn, wọn kì í jẹ́ kó wọ inú ẹ̀jẹ̀, gbogbo wọn ló sì sábà máa ń wà nínú hóró alápòpọ̀ (multivitamin) kan. Ẹ gbọ́dọ̀ lo eltrombopag ní wákàtí méjì ṣáájú wọn tàbí wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn wọn. Èèyàn lè rò pé oògùn kò bá òun lára mu, kó má mọ̀ pé hóró òwúrọ̀ ló ń jẹ ẹ́ run.

Ti prednisolone, oògùn míì tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ITP, yàtọ̀. Ó máa ń sọ eegun di aláìlágbára, torí náà dókítà lè fi calcium àti fítámì D kún un fúnra rẹ̀. Ó tún máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Nígbà tí mo wà lórí rẹ̀, platelet mi ti kọjá 100,000, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kú sí mi lápá, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì sunkún kí wọ́n tó ṣàlàyé pé awọ ló fà á, kì í ṣe pé àìsàn ti padà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ìgbà tí kò yẹ kí n dúró wo àmì kankan mọ́?

Àmì ara tó ń kúrò ní àwọ̀ elésè àlùkò sí ewéko, sí ìyeyè, kó tó lọ, ń tán lọ bó ṣe yẹ ni. Ẹ fi aṣọ tútù lé e nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, ó tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí róró ẹ̀jẹ̀ nínú ẹnu, bí imú bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹ fún un mọ́ra fún ìṣẹ́jú 15 tí kò dá, bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà tàbí nǹkan oṣù bá ń rin páàdì kan láàárín wákàtí kan, ilé ìwòsàn ló kàn, ọjọ́ náà gan-an. Bí orí bá sì ń fọ́ yín lọ́nà tí kò ṣe yín rí, tí èébì tẹ̀ lé e, tàbí tí ojú ń ṣe bàìbàì, bóyá ẹ fi orí gbá nǹkan tàbí ẹ ò gbá a, ẹ jí ẹni tó wà nílé kó gbé yín lọ ní òru yẹn. Iye platelet yín gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ní ẹnu ọ̀nà.