Ẹlẹ́rìndòdò, itọ́ àti èèpo eyín

Ní Àbújá, nígbà tí ooru oṣù kẹta bá mú, ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan lè bá èèyàn láti Mararaba dé Wuse. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya kò jẹ́ kí ọkọ̀ rìn, ohun mímu náà kò sì tètè tán: wọ́n á kán an sẹ́nu, wọ́n á dé e, wọ́n á tún ṣí i. Mímu díẹ̀díẹ̀ yìí ló ń ba eyín jẹ́ ju bí ìgò ṣe tóbi tó lọ.

Èèpo funfun tó bo eyín ló le jù nínú gbogbo ẹ̀yà ara, ó le ju egungun lọ. Calcium àti phosphate ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àmọ́ kì í hù padà bí èékánná. Bí pH ẹnu, ìyẹn òǹkà tó ń wálẹ̀ bí nǹkan bá ṣe kan tó, bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí 5.5, ásíìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ. pH ẹlẹ́rìndòdò kólà ò ju bí 2.5 lọ, nítorí phosphoric acid inú rẹ̀. Èyí tí kò ní ṣúgà ńkọ́? Ṣúgà ni wọ́n yọ, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀. Zobo náà kò gbẹ́yìn.

Itọ́ ló ń gba eyín sílẹ̀. Ó ń ṣan ásíìdì lọ, ó sì ń dá calcium padà síbi tó ti rọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ń gbà tó ìdajì wákàtí, kódà ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó mu ìgò kan pọ̀ mọ́ oúnjẹ fún itọ́ láyè. Ẹni tó ń kán an sẹ́nu fún wákàtí méjì kò jẹ́ kí itọ́ sinmi rárá. Ẹnu tó ti gbẹ látàárọ̀ nítorí ààwẹ̀ tún burú jù. Kí omi ṣáájú zobo nígbà ìṣínu.

Ibi tó rọ̀ kò tíì lọ o. Búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò tí wọ́n bá fi rin ín lójú ẹsẹ̀ ló ń họ ọ́ dànù. Kí wọ́n fi omi yọ ẹnu, kí wọ́n dúró tó wákàtí kan, kí wọ́n tó fọ eyín pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride. Bí omi tútù bá ti ń ta eyín, tí etí eyín sì ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kí wọ́n lọ bá dókítà eyín.

Nono, wàrà kíkan àwọn Fúlàní, náà kan lẹ́nu, ṣùgbọ́n calcium inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi í yọ́ eyín, bí wọn ò bá ṣáà ti da ṣúgà lé e.