Alábàárù, òkúta àti ẹja: kí ló sọ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ di ewì ní Brazil?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí ìwé ewì àwọn ará Brazil ti ọ̀rúndún tó kọjá lè pa á dé kíákíá. Ní ojú ewé kan, ọkùnrin kan ń ru ẹrù lọ́jà. Ní òmíràn, tọkọtaya ń ha ìpẹ́ ẹja láàárín òru. Ibo ni ewì wà níbẹ̀? Ìbéèrè tó tọ́ ni, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀, nítorí mo ka àwọn ewì yìí mọ́ ohun tó dára jù lọ tí wọ́n kọ láyé ìgbà náà.

Ìròyìn inú ìwé ìròyìn lásán, báwo ló ṣe di ewì?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan tí Manuel Bandeira kọ, èyí tó wà nínú ìwé rẹ̀ *Libertinagem* ti ọdún 1930. Àkọlé ewì náà fúnra rẹ̀ sọ pé inú ìwé ìròyìn ni òun ti yọ ọ́. João Gostoso ń ṣe alábàárù lọ́jà. Ilé pákó kan tí kò ní nọ́ńbà ló ń gbé lórí òkè Babilônia, ní Rio de Janeiro. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní Vinte de Novembro. Ó mutí. Ó kọrin. Ó jó. Lẹ́yìn náà, ó bẹ́ sínú ọ̀sà Rodrigo de Freitas, ó sì mumi kú. Ewì parí síbẹ̀.

Ẹ wo bó ṣe tò ó. Ìlà àkọ́kọ́ gùn gbọọrọ bí ẹjọ́ tí akọ̀ròyìn ń rò. Nígbà tó kan mímu, kíkọ àti jíjó, ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ń kà á á sì bá ìlù náà lọ láìmọ̀. Àfi gbì, ìlà ìkẹyìn tún gùn, ikú sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tún wo orúkọ. Ilé ọtí ní orúkọ. Orúkọ onílẹ̀ kan láyé àtijọ́ ni ọ̀sà ń jẹ́ títí dòní. Ilé alábàárù nìkan ni kò ní nọ́ńbà. Bandeira kò sọ pé ayé le fún tálákà, kò ké "ó mà ṣe o", kò sì sọ ohun tó mú ọkùnrin náà bẹ́ sómi. Bó ṣe to nǹkan sílẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀.

Àwa tí a dàgbà sínú oríkì lè rí nǹkan kan níbí tí ẹlòmíì kò ní tètè rí. Oríkì á sọ ẹni tó bí ọ, ibi tí o ti ṣẹ̀ wá, ohun tí baba ńlá rẹ ṣe. João Gostoso kò rí ìkankan gbà nínú èyí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́jà nìkan ló bá a dé ẹnu omi.

Kí ló dé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ báyìí?

Ewì tó gbayì níbẹ̀ kó tó di ọdún 1922 ni èyí tó ń dún bí agogo: ìlà tí wọ́n wọ̀n, ìparí tó bára mu, òrìṣà àwọn Gíríìkì. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, àwọn ọ̀dọ́ akéwì, ayàwòrán àti olórin gba ilé ìṣeré ńlá ìlú São Paulo, Teatro Municipal, wọ́n sì ṣe ayẹyẹ fún iṣẹ́ ọnà tuntun. Wọ́n ka ewì Bandeira kan tó fi àwọn akéwì àtijọ́ wé ọ̀pọ̀lọ́ tó ń wú ara rẹ̀. Ìró ariwo àti súfèé ni èrò fi dá wọn lóhùn. Bandeira fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, Ronald de Carvalho ló bá a kà á. Ikọ́ ife ti mú Bandeira láti ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìdínlógún, ó sì ti ń retí ikú. Ikú ò dé àfi ní 1968, nígbà tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Lójú tèmi, ẹni tó rò pé òun kò ní pẹ́ láyé á máa wo ife kọfí àti ìró ojú pópó bí ohun iyebíye.

Ti òkúta inú àkọlé yìí ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni pé àwọn èèyàn jà lórí ewì kan nípa òkúta?

Òótọ́ ni. Carlos Drummond de Andrade, ọmọ ìlú Itabira níbi tí wọ́n ti ń wa irin, tẹ ewì ìlà mẹ́wàá kan jáde ní oṣù keje ọdún 1928. Òkúta kan wà láàárín ọ̀nà, láàárín ọ̀nà ni òkúta kan wà: ohun tó ń tún sọ kò ju ìyẹn lọ, àfi ibi tó ti ní òun kò ní gbàgbé ìṣẹ̀lẹ̀ náà láyé ojú òun tó ti rẹ̀. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ní 1967, ó kó èébú àti ìyìn tí wọ́n ti rọ̀jò lé ewì náà jọ, ó sì fi wọ́n ṣe odidi ìwé. Ẹ kà á sókè, ẹ ó rí i pé ẹnu yín ń kọsẹ̀ níbi kan náà léraléra. Òkúta ọ̀hún ti bọ́ sẹ́nu yín nìyẹn.

Ṣé ìbànújẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ ni?

Rárá. Adélia Prado, olùkọ́ tí a bí ní Divinópolis ní 1935, ti bímọ márùn-ún kí ìwé ewì rẹ̀ àkọ́kọ́, *Bagagem*, tó jáde ní 1976. Drummond wà lára àwọn tó kọ́kọ́ polongo rẹ̀. Nínú ewì rẹ̀ kan lórí ìgbéyàwó, ó ní àwọn obìnrin kan máa ń sọ pé kí ọkọ àwọn lọ dọdẹ ẹja tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Òun ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tòun. Ìgbà yòówù kí ọkọ òun dé lóru, òun á dìde, àwọn méjèèjì á jọ ha ìpẹ́, wọ́n á la inú ẹja, wọ́n á fi iyọ̀ sí i.

Ìgúnpá ń kan ìgúnpá nínú ilé ìdáná. Ọkọ ń fi ọwọ́ júwe bí ọ̀kan ṣe ń tàn yinrin lókè nígbà tó fà á jáde. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn gba inú ilé ìdáná kọjá bí odò jíjìn. Nígbà tí wọ́n fi máa lọ sùn, wọ́n ti di ọkọ ìyàwó àti ìyàwó tuntun. Kò pe ìfẹ́ lórúkọ, síbẹ̀ n kò mọ ewì ìfẹ́ tó kún jù ú lọ. Ní 2024, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Camões, tó ga jù lọ fún àwọn tó ń fi èdè Potogí kọ̀wé.

Àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ńkọ́?

Ojoojúmọ́ tiwọn ní ìtàn nínú. Solano Trindade, ọmọ Recife, kọ ewì ọkọ̀ ojú irin Leopoldina ní Rio. Ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lórí irin ló sọ di ọ̀rọ̀: ebi ń pa àwọn èèyàn, ebi ń pa àwọn èèyàn. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ dúró, ìró náà yí padà: bébi bá ń pa wọ́n, ẹ fún wọn ní oúnjẹ. Bíréèkì bá súfèé pé kó panu mọ́.

Conceição Evaristo, tí a bí ní Belo Horizonte ní 1946, to ohùn àwọn obìnrin ìdílé kan léra: ìyá ìyá àgbà nínú ọkọ̀ ẹrú, ìyá àgbà tó ń gbọ́ràn sí aláwọ̀ funfun lẹ́nu, ìyá tó ń kùn lábẹ́ ẹrù aṣọ ìdọ̀tí onílé, òun fúnra rẹ̀, àti ọmọ rẹ̀ tó kó gbogbo ohùn náà jọ. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á á mọ irú ètò yẹn, ìran ń pe ìran.

Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú alábàárù Bandeira, kò ju ìlà mélòó kan lọ. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹja Adélia Prado, kí ẹ tó kan Drummond, tó le díẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Potogí lè wá èyí tí Elizabeth Bishop, akéwì Amẹ́ríkà tó gbé ní Brazil fún ọ̀pọ̀ ọdún, àti Emanuel Brasil kó jọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1972. Drummond àti Bandeira wà nínú rẹ̀, Potogí wọn sì wà lójú ewé kejì, kí ẹ lè rí ibi tí ìlà ti ṣẹ́.