Saté Indonéṣíà: bí iná ṣe ń wọnú ẹran, láti ìlú sí ìlú

Ẹran tí wọ́n fi igi gún tí wọ́n yan lórí èédú ni saté, ẹni tó bá ti jẹ suya rí ti mọ ìdajì ẹ̀. Ìdajì tó kù ni bí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní Indonéṣíà ṣe ń mú kí ẹran jinná dénú kó má sì gbẹ.

Ti Madura, erékùṣù kan lẹ́bàá erékùṣù Java, layé mọ̀ jù. Adìẹ ni wọ́n sábà máa ń lò, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á tì í bọ igi ọparun, wọ́n á fi ẹ̀pà lílọ̀ àti omi sóyà dúdú tó dùn pa á lára, wọ́n á wá máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ iná ẹ̀. Ṣúgà inú sóyà yẹn ló ń jẹ́ kó dúdú létí kó sì máa ta sánsán, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ jó, torí ẹ̀ ni wọn ò fi ń gé ẹran ẹ̀ tóbi. Àwọn ará Madura ti gbé e dé gbogbo Java, ní Jakarta àti Surabaya orí ọmọlanke ni wọ́n ti ń tà á lálẹ́, pẹ̀lú ìrẹsì tí wọ́n pọ́n séwé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíi mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè títí tó fi dì.

Ní Padang, ní Sumatra, wọ́n á kọ́kọ́ sè é ná, torí ahọ́n màlúù àti inú ẹran wà níbẹ̀, iná èédú nìkan ò lè rọ̀ wọ́n. Omi tí wọ́n fi sè é, tó ti kún fún èròjà àti àtalẹ̀ pupa, wọn ò ní dà á nù, ìyẹ̀fun ìrẹsì ni wọ́n á fi mú un ki, òun náà ló ń di ọbẹ̀ tí wọ́n ń dà lé e lórí. Ọbẹ̀ ti ìlú Padang Panjang máa ń yẹ́lò, ti ìlú Pariaman máa ń pupa torí ata.

Ní Bali, ẹja lílọ̀ tàbí ẹran lílọ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ àgbọn rírin, wọ́n á fọwọ́ mọ ọ́n mọ́ igi pẹlẹbẹ tàbí pòròpóró ewé tíì, sate lilit nìyẹn. Òróró àgbọn yẹn ni kì í jẹ́ kó gbẹ.

Èyí tó yẹ kéèyàn torí ẹ̀ rìnrìn àjò ni sate klathak, lọ́nà Imogiri ní Bantul, lẹ́bàá ìlú Yogyakarta ní Java. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lò dípò igi! Irin máa ń gbé ooru wọ àárín ẹran, ìta ń jinná, inú náà ń jinná, torí náà wọ́n lè gé ewúrẹ́ yẹn tóbi dáadáa, kí wọ́n sì fi iyọ̀ nìkan sí i, bóyá ááyù díẹ̀. Irin méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé wá, pẹ̀lú abọ́ ọbẹ̀ gulai tó ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ má kàn fọwọ́ gbá irin yẹn mú o, ó lè ṣì gbóná.