Ibi Ìdárayá Tuntun Láàárín Èkó: Ta Ló Nilẹ̀, Ta Ló Máa Sanwó, Ta Ló Máa Ra Dísù?

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè ní Òkè Pópó tàbí Ìta Fájì, bí àwọn ọlọ́jà bá ti ti ṣọ́ọ̀bù wọn, títì á di pápá. Òkúta méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún, gólù ti wà. Bí mọ́tò bá ń bọ̀, wọ́n á gbé òkúta kúrò, mọ́tò á kọjá, wọ́n á tún gbé e padà. Abájọ tó fi jẹ́ pé bí ìbò bá ti ń súnmọ́lé, ìlérí ibi ìdárayá tuntun kì í wọ́n lẹ́nu àwọn olóṣèlú. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ará àdúgbò sì máa ń bi wọ́n. Ìdáhùn tèmi ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ṣé kò sí ibi ìdárayá kankan ní Erékùṣù Èkó ni?

Ó wà, kò tó ni. Pápá Campos wà láàárín ilé, òun ló sì súnmọ́ àwọn ọmọ tí mo sọ yìí jù. Pápá Oníkan náà wà, èyí tí wọ́n tún kọ́, tí wọ́n fi sọrí Mobolaji Johnson, gómìnà ológun àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kíláàbù àwọn agbátẹ́níìsì ní Oníkan ti wà láti 1895. Freedom Park wà ní Broad Street, níbi tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n nígbà òyìnbó. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Pápá ńlá, ìdíje ni wọ́n kọ́ ọ fún. Kíláàbù, ọmọ ẹgbẹ́ ló ń wọ ibẹ̀. Freedom Park, eré orí ìtàgé àti fàájì alẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fẹsẹ̀ rìn lọ bí wọ́n bá jáde ilé-ìwé, tí màmá àgbà lè ti na ara láàárọ̀, tí àwọn ọmọbìnrin lè gbá básíkẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má lé wọn kúrò lórí pápá, ìyẹn la ń wá.

Kí ló dé tí ilẹ̀ òfìfo fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1928, ìjọba òyìnbó dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ kó máa la títì, kó sì máa tún ibi tí ilé ti há mọ́ra jù ṣe. Nígbà tó di 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Púpọ̀ nínú wọn ò padà wá mọ́, òwò ló sì gba ipò wọn. Lónìí, bí ẹ bá gba Ìdúmọ̀tà kọjá sí Balógun, ìsàlẹ̀ ilé, ṣọ́ọ̀bù. Òkè ilé, ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. Ẹni tó ní púlọ́ọ̀tì kan níbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà ló máa kọ́, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí.

Ṣebí ìjọba ló ni gbogbo ilẹ̀ lábẹ́ òfin? Kí wọ́n kàn gbà á.

Kò rọrùn báyẹn. Lóòótọ́, òfin Land Use Act ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa mójú tó o nítorí gbogbo ará ìlú, abala 28 sì fún un láṣẹ láti gba ilẹ̀ padà bí ìlú bá nílò rẹ̀. Abala 29 ni ìjà wà. Bí ilé bá wà lórí ilẹ̀ náà, ìjọba máa ṣírò iye tí wọ́n á fi kọ́ irú rẹ̀, wọ́n á yọ ti ogbó ilé kúrò, wọ́n á san ìyókù. Bí ilẹ̀ lásán bá ni, owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún yẹn ni wọ́n máa dá padà fún un, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdílé tó ti jogún ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ baba ńlá wọn ò ní gba èyí kí wọ́n sì dákẹ́.

Èkó kì í sì í ṣe ọmọdé nínú ẹjọ́ ilẹ̀. Olóyè Amodu Tijani Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn ìdẹ́jọ, ìyẹn àwọn olóyè onílẹ̀ Èkó, ló pe ìjọba òyìnbó lẹ́jọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá tí wọ́n gbà. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Herbert Macaulay bá a dé ọ̀hún, nígbà tó sì di 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council dá a láre pé ìdílé àti ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà, kí wọ́n san owó rẹ̀ fún wọn bó ṣe yẹ. Ìyẹn ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, ṣùgbọ́n wọn ò gbàgbé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ilẹ̀ mìíràn tún wà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, láti ìgbà tí Èkó fi jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà títí di December 1991. Ti Tafawa Balewa Square wà lára wọn. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ì báà ṣófo, àṣẹ gómìnà ò dé orí rẹ̀, àfi kí Àbújá fọwọ́ sí i.

Lójú tèmi, ilẹ̀ tó ti wà lọ́wọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọgbà ilé-ìwé ìjọba pọ̀ ní Erékùṣù Èkó tí wọ́n ń ti géètì wọn pa bí agogo méjì bá ti lù, tí ojú pápá wọn sì dá páro títí di ọjọ́ kejì. Kí wọ́n tún pápá ibẹ̀ ṣe, kí wọ́n la ẹnu ọ̀nà lọ́tọ̀ fún ará àdúgbò, kò ní dá ẹjọ́ kankan sílẹ̀.

Iṣẹ́ ta ni: káńsù, ìpínlẹ̀, àbí Àbújá?

Ti káńsù ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní àfikún rẹ̀ kẹrin, ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, páàkì, ọgbà àti gbàgede ìlú sì wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ló dà á rú. Èkó ní ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí ìwé òfin mọ̀, ó tún ní LCDA 37, ìyẹn àwọn káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Owó tó ń ti Àbújá wá, orúkọ àwọn 20 yẹn ló ń bá wá. Àwọn LCDA bíi Lagos Island East àti Yaba á wá bá wọn pín in. Ní oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, kí gómìnà kankan má dì í mú. Ó yẹ kí gbogbo ará àdúgbò mọ ìdájọ́ yẹn, nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn alága máa ń sọ ni pé owó ò tíì dé láti òkè.

Ìpínlẹ̀ ló sì ń fúnni láṣẹ ìkọ́lé nípasẹ̀ àjọ LASPPPA, àjọ LASBCA ló ń yẹ iṣẹ́ wò bó ṣe ń lọ. Bí káńsù bá lówó lọ́wọ́, kò lè dá a ṣe.

Níbo lowó ti ń wá?

Láti inú ètò ìṣúná ìpínlẹ̀, tí àwọn aṣòfin ń fọwọ́ sí lọ́dọọdún. Owó Land Use Charge tí onílé ń san wà nínú ohun tó ń gbé e ró. Láti inú àpò káńsù. Láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ńlá tó fẹ́ kí orúkọ òun hàn lára ògiri. Ọ̀nà kẹrin ni pé kí ìjọba fi ilẹ̀ sílẹ̀, kí oníṣòwò fi owó tirẹ̀ kọ́ ibẹ̀, kó sì máa pa owó níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ kó tó dá a padà. Ti kẹrin yìí ló yẹ ká fi ojú sí jù, torí oníṣòwò ò ní fi owó rẹ̀ tọrẹ.

Ẹnì kan ṣoṣo náà sì ti ṣe é rí. Ní 1928, Dókítà John Randle kọ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí Oníkan nígbà tí ìjọba òyìnbó kọ̀ láti kọ́ ọ, kí àwọn ọmọ Èkó lè mọ̀ ọ́n lú. Odò náà sin ìlú títí ó fi gbó, wọ́n wó o, wọ́n tún òmíràn kọ́ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó àṣà Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2023.

Kí ló ń mú iṣẹ́ náà pẹ́?

Pápá Teslim Balogun ní Sùúrùlérè, 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, 2007 ni wọ́n ṣí i. Ọdún mẹ́tàlélógún. Iye tó wà nínú ìwé ìṣúná kì í ṣe owó tó wà nílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní àwọn máa ná ni, bí owó bá sì ṣe ń wọlé ni wọ́n á máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìjọba lè yí padà, kí ti tuntun ní òun ní iṣẹ́ tòun. Náírà lè já, kí iye tí agbaṣẹ́ṣe fi gba iṣẹ́ má ra ìlàjì irin àti sìmẹ́ǹtì tó yẹ.

Ilẹ̀ Erékùṣù náà ń jẹ owó. Yanrìn àti omi ló wà lábẹ́ rẹ̀; ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ti dé. Ẹnjiníà gbọ́dọ̀ yẹ ilẹ̀ wò kó tó mọ̀ bóyá ó máa tẹ́ kọnkéré sí gbogbo ìdí ilé ni àbí ó máa gún òpó páìlì wọlẹ̀ jìn. Owó yẹn á wọlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní rí i lójú, ìyẹn ló ń mú kí àwọn kan fẹ́ fò ó. Kí wọ́n má fò ó o. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ó pa èèyàn 20, àwọn ọmọ ilé-ìwé wà lára wọn. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí iṣẹ́ pẹ́ ọdún kan sí i.

Kí ló dé tí ibi ìdárayá ìlú fi máa ń di ibi òde àríyá ní Sátidé?

Ìbéèrè yìí ló ká mi lára jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń bàjẹ́, kì í ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé owó. Wọ́n ti gé ríbọ́ọ̀nù, àwọn oníròyìn ti lọ. Ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì ń retí owó oṣù. Tọ́ílẹ̀ẹ̀tì ń fẹ́ omi, omi ń fẹ́ pọ́ńpù, pọ́ńpù ń fẹ́ iná, iná ò sí, ó di ká tan jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ dísù. Bí odò ìlúwẹ̀ẹ́ bá wà níbẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ máa da kẹ́míkà sí i, bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, omi á yí padà di àwọ̀ ewé. Koríko oníke orí pápá á já, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ọ̀sà àti òkun á máa jẹ páànù àti irin. Gbogbo èyí ni ẹni tó yàwòrán ilé náà mọ̀. Ẹni tó máa sanwó rẹ̀ ni kì í sí nínú ìwé.

Ohun tó fà á ni pé àpò méjì ni ìjọba ní. Ọ̀kan fún iṣẹ́ tuntun, ọ̀kan fún ìnáwó ojoojúmọ́. Àpò àkọ́kọ́ ló kọ́ ilé, àpò kejì ló yẹ kó máa tọ́jú rẹ̀, owó oṣù òṣìṣẹ́ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìyẹn tán. Alábòójútó tí wọn ò fún lówó á bẹ̀rẹ̀ sí í wò yíká: kí ni mo ní tí ẹlòmíràn ń wá? Gbàgede tó fẹ̀, tó ní ọgbà àti géètì, láàárín Èkó. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó ń wá a. Ẹni tó fẹ́ sìnkú ìyá rẹ̀ ń wá a. Wọ́n á sanwó lọ́wọ́ kan, kánópì á dé láti alẹ́ Friday, dísù á sì wà. Mi ò bínú sí alábòójútó náà. Àìsí owó ló fà á. Ṣùgbọ́n Sátidé gan-an ni ọmọ ilé-ìwé ráyè. Á dé ẹnu géètì pẹ̀lú bàtà bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ́rùn, ọdẹ á ní, "Ìnáwó wà lónìí, ẹ máa bọ̀ lọ́la." Lọ́la, wọ́n ń tú kánópì, eegun adìyẹ àti ike omi wà káàkiri, irin kánópì ti dá ihò sí koríko.

National Stadium ní Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà ti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1980, lọ gba ọ̀nà yìí kan náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún tí pápá rẹ̀ fi bàjẹ́, àwọn tó ń ta ọtí àti ẹran sísun nínú ọgbà rẹ̀ ń rówó.

Mi ò ní kí wọ́n má yá ibẹ̀ fún ayẹyẹ rárá. Kí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn lọ́tọ̀, pápá lọ́tọ̀. Gbọ̀ngàn lè gba ìnáwó, pápá ò gbọdọ̀ gba kánópì kankan. Kí wákàtí àwọn ọmọdé ní Sátidé wà nínú àdéhùn, kí ó má jẹ́ ojúrere alábòójútó. Kí owó gbọ̀ngàn ní àkáǹtì tirẹ̀, tí wọn ò ní fi ṣe nǹkan mìíràn ju ìtọ́jú ibẹ̀ lọ, kí wọ́n sì lẹ ìṣirò rẹ̀ mọ́ ara géètì.

Kí ni ká béèrè kí wọ́n tó fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀?

Ìwé ilẹ̀. Àṣẹ LASPPPA. Iye tí ibẹ̀ máa ná lọ́dọọdún, àti àpò tí iye náà ti máa jáde fún ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, nínú ìwé tó ní ìbuwọ́lù. Òfin Freedom of Information ti 2011 fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè irú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ́fíìsì tí ẹ kọ̀wé sí sì ní ọjọ́ 7 láti fèsì.

Ẹ tún béèrè ìgbà tí ìpàdé máa wáyé. Bí wọ́n bá pè é sí agogo mẹ́wàá àárọ̀ Tuesday, àwọn ìyá ọlọ́jà wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ wà ní ilé-ìwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan ló máa jókòó. Ìpàdé ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè sàn jù, torí gbogbo wọn wà nílé. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ láti ẹnu àwọn ọmọbìnrin pé iná àti tọ́ílẹ̀ẹ̀tì tó ní kọ́kọ́rọ́ jẹ wọ́n lógún ju ibi ìjókòó òǹwòran lọ.

Ṣé kí wọ́n máa gba owó lẹ́nu géètì?

Lọ́wọ́ ọmọdé, rárá. Lọ́wọ́ àgbà tó fẹ́ gba pápá fún wákàtí kan lálẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sì fún un ní rìsíìtì.