Èyí Tó Ń Yí Nínú Ẹpìyà Yín Kì í Ṣe Ìdin

Ìyá kan gbé ẹpìyà mẹ́ta wá bá mi nínú láílọ́ọ̀nù, ó fajú ro. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ́n lọ́wọ́ apẹja létí adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn ni, wọ́n ṣì ń jà lọ́wọ́ òun, àmọ́ bí òun ṣe la ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀kan báyìí, ohun pupa rúsúrúsú kan ń yí níbẹ̀. "Dókítà, ṣé kì í ṣe ẹja onídin ni wọ́n tà fún mi báyìí?"

Rárá o, ìyá. Ara ẹja tó ti kú ni eṣinṣin ń yé ẹyin tó ń di ìdin sí. Èyí ti wà lára ẹja náà nígbà tó ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Aràn ni, Clinostomum là ń pè é. F.M.A. Ukoli, onímọ̀ aràn ọmọ Nàìjíríà, ló sọ oríṣi kan nínú rẹ̀ lórúkọ ẹpìyà ní 1966, láti ara èyí tó rí ní Gánà.

Àfòmọ́ kò légbò, igi gbogbo ló bá tan. Aràn yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Bí ọ̀kan bá já, ó tán fún un nìyẹn. Ọ̀fun àkọ̀ àti àwọn ẹyẹ tó ń ṣọ́ ẹja létí omi ni èyí tó dàgbà ń gbé. Bí ẹyẹ bá ki ẹnu bọ omi, ẹyin aràn á já bọ́, á pa, ọmọ inú rẹ̀ á sì wá ìgbín omi wẹ́ẹ́rẹ́ lọ, irú èyí tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá. Inú ìgbín ló ti ń di púpọ̀. Wọ́n á tú jáde, wọ́n á lu awọ ẹja wọlé, kálukú á ká jọ sínú àpò tí kò tó hóró àgbàdo, á máa retí. Ó lè retí fún ọdún. Kí ẹyẹ gbé ẹja náà mì ló ń retí: àpò á yọ́ níkùn ẹyẹ, aràn á gun ọ̀fun padà sókè. Bí ọ̀bẹ yín bá la àpò náà, ó na ara, ó ń yí, ẹ pè é ní ìdin.

Àwọn kan ní Jàpáánì àti Kòríà tó jẹ ẹja odò ní tútù ti kó o. Aràn gun ọ̀fun wọn bí ẹni pé ti ẹyẹ ni. Ọ̀fun ń dùn wọ́n, wọ́n ń wúkọ́, títí dókítà fi fi ẹ̀mú fà á jáde. Ọbẹ̀ tó hó dáadáa ń pa á. Ẹja yíyan alẹ́ ló ń kọ mí lóminú, tí ara rẹ̀ ti dúdú tán, tí ìdí egungun ṣì tutù. Ooru ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 63°C. Bí ẹran rẹ̀ bá funfun dénú, tó ń ṣí kúrò lára egungun fúnra rẹ̀, ó ti jinná. Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ tá a fi ń fọ ẹja kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé. Fìríìsà ń pa á tó bá wà ní -20°C fún ọjọ́ 7 gbáko, àmọ́ níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, iná ìdáná ni kí ẹ fọkàn tán.

Mo ní kí ìyá náà yọ àwọn àpò náà, kó se ẹja rẹ̀ jẹ. Apẹja yẹn kò rẹ́ ẹ jẹ. Ó máa ń dùn mí gan-an bí wọ́n bá ń bú àwọn tó ń tà á nítorí èyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja, ìgbín ni kí ẹ dojú kọ, torí ẹyẹ kò ṣeé lé tán. Ẹ máa ro koríko etí omi, ibẹ̀ ni ìgbín ń rọ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá kó ẹja tán, ẹ fa omi gbẹ títí ilẹ̀ á fi sán. Mo bẹ̀ yín, ẹ má da oògùn aràn tẹ́ ẹ rà ní kẹ́mísìtì sómi. Ìfun àti orí ẹja tẹ́ ẹ gé, ẹ rì í mọ́lẹ̀. Àkọ̀ tó bá ṣà á jẹ á tún padà wá ki ẹnu bọ omi yín.